Ta ló ní ìwé ìkànìyàn 1991 fún Iléṣà?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo ti ń kọ́ ọmọ níwèé. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n bí àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà ṣe ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn. Ní 1952, Ìbàdàn ló pọ̀ jù, ó lé ní 459,000. Èkó ò tó 270,000. Nígbà tó fi di 1963, Èkó ti gbawájú. Iléṣà tiwa kúrò ní bíi 72,000, ó lé ní 165,000! Ìyá mi àgbà ní àwọn òṣómàáló, ìyẹn àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń tajà láwìn káàkiri, ló wálé kí wọ́n lè kà wọ́n mọ́ ará ìlú, pé ẹni méje ló sùn sórí ẹní kan ní pálọ̀ àwọn. Ẹ̀yin àgbà, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílùú tiyín? Ìwé 1991 gan-an ni mi ò rí. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n wá a lọ?