Kéèsì tí kóòtù ti pa rẹ́ ní Houston, ṣé mo máa kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, torí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí àfi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Houston.

Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mò ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí, ọsibítù aládàáni kan lápá Sábó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2009 bàbá mi ta ilẹ̀ méjì ní Ìjẹ̀dẹ̀ kí n lè lọ kàwé ní Texas. Ní 2011, ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà yẹn, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mo ki bùláòsì kan àti lọ́fínńdà kékeré kan bọ báàgì, mi ò sanwó. Mi ò ní parọ́, èmi ni mo mú u, kò sẹ́ni tó tì mí. Wọ́n mú mi lẹ́nu ọ̀nà, ọlọ́pàá dé, wọ́n tẹ ìka mi, mo sun àtìmọ́lé mọ́jú. Lọ́yà tí ẹ̀gbọ́n mi gbà fún mi bá wọn sọ ọ́, wọ́n ní kí n lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú kí n sì lọ jókòó ní kíláàsì kan, nígbà tí mo ṣe é tán wọ́n wọ́gi lé ẹ̀sùn yẹn, mi ò sọ "mo jẹ̀bi" níwájú adájọ́ kankan. Ní 2013 lọ́yà yẹn tún lọ gba àṣẹ kóòtù pé kí wọ́n pa gbogbo àkọsílẹ̀ ẹ̀ rẹ́. Mo padà wálé ní 2014, ibí ni mo ti wá ṣe nọ́ọ̀sì.

Éjẹ́ǹtì ti bá mi rí ọsibítù kan ní Texas báyìí. Mò ń kọ fọ́ọ̀mù Texas Board of Nursing, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ǹsì níbẹ̀, lọ́wọ́, bí mo ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá wọ́n ti mú mi rí, ṣe ni mo pa kọ̀ǹpútà dé. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá mi ti kú, kò mọ̀ títí ó fi lọ. Ọkọ mi náà ò mọ̀. Tí mo bá kọ "rárá", ṣé irọ́ ni mo pa? Tí mo bá kọ "bẹ́ẹ̀ ni", ṣé kì í ṣe ọwọ́ ara mi ni mo fi bá ayé ara mi jẹ́ báyẹn?

Ìyá Ìbejì, Òdógunyàn: Àbúrò mi, kóòtù ti pa á rẹ́, ìwọ wá fẹ́ lọ hú u jáde? Kọ "rárá" kó o sùn jàre. Ọmọ ogún ọdún, ọmọdé náà ni.

Alàgbà, Ìmọ̀ta: Mi ò fara mọ́ tìyẹn o Ìyá Ìbejì. Kó sọ gbogbo ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè, kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀.

Lọ́yà, Agric: Ẹ̀yin méjèèjì ẹ rọra. Ẹni tó ń béèrè àti bó ṣe béèrè ẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Sístà mi, òfin Texas fúnra ẹ̀ sọ pé ẹni tí wọ́n bá ṣe expunction fún, ìyẹn ni pé kóòtù pàṣẹ kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ ẹ̀ rẹ́ pátápátá, lè sẹ́ pé wọ́n mú òun rí, ó tiẹ̀ lè sẹ́ pé àṣẹ kóòtù yẹn wà. Àfi tó bá wà lábẹ́ ìbúra nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, níbẹ̀ kìkì ohun tó máa sọ ni pé wọ́n ti pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Torí náà tí expunction bá ni lóòótọ́, "rárá" yín kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ẹ dákun, ẹ rí i dájú pé òun ni. Wọ́n ní òmíràn níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní nondisclosure, ìyẹn kì í pa nǹkan rẹ́, ó kàn ń fi pamọ́ fún ará ìta ni, àwọn tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ṣì lè rí i. Èèyàn púpọ̀ ló ń pe èkejì ní èkíní, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó sí wàhálà.

Nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìtaẹlẹ́wà tó wà ní Houston: Òótọ́ ni lọ́yà sọ. Board yẹn kọ ọ́ síbẹ̀ pé èyí tí wọ́n ti expunge kò pọn dandan kéèyàn sọ ọ́, àmọ́ ọrùn tìẹ ló wà láti rí i pé wọ́n ti pa á rẹ́ lóòótọ́, tí wọn ò bá tíì pa á rẹ́, tó sì jáde nígbà tí wọ́n yẹ ìka ọwọ́ wò, ó kéré tán wàá san owó ìtanràn. Wọ́n tiẹ̀ ní ó dáa kéèyàn fi kọ́pì àṣẹ kóòtù ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Èmi gbà ẹ́ níyànjú kó o fi ránṣẹ́. Mo mọ ẹni tí kóòtù ti pa tiẹ̀ rẹ́ tó ṣì jáde lọ́dọ̀ FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, torí pé ìwé ò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò ní kọ́pì kankan lọ́wọ́ o, lọ́yà yẹn ló kó gbogbo ẹ̀. Ṣé kóòtù ò lè fún mi lómíràn ni?

Lọ́yà, Agric: Wàhálà tó wà níbẹ̀ nìyẹn, kóòtù náà gbọ́dọ̀ pa fáìlì tiẹ̀ run bó bá yá, torí náà má gbọ́kàn lé wọn. Kí ẹ̀gbọ́n yín wá lọ́yà yẹn lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ohun kejì tẹ́ ò tíì béèrè rè é, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù ju láísẹ́ǹsì lọ: físà. Ọ̀rọ̀ físà, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ni ín, expunction tí Texas ṣe ò dè wọ́n. Wọ́n máa béèrè bóyá wọ́n ti mú yín rí, níbẹ̀ "bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn.

Nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìtaẹlẹ́wà tó wà ní Houston: Bẹ́ẹ̀ ni o! Èmi ni mo bá màmá mi kọ DS-160, fọ́ọ̀mù físà ìbẹ̀wò, nígbà tí wọ́n fẹ́ wá kí mi, ó wà níbẹ̀ gbangba, ṣé wọ́n ti mú ẹ rí, kódà kí wọ́n ti forí jì ẹ́. N-400 tí wọ́n fi ń di ọmọ ìlú náà ń béèrè ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Òdógunyàn: Háà. Ìwé ìwà rere tí wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ní Alagbon ńkọ́? Ìyẹn ò ní gbé nǹkan kan jáde, àbí?

Lọ́yà, Agric: Ìwé Alagbon, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ló ń sọ, kò mọ Houston. Àmọ́ ẹ́ńbásì máa tẹ ìka yín, ìka tí wọ́n tẹ̀ ní 2011 sì lè ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba wọn. Ẹ̀sùn tí wọ́n wọ́gi lé, tẹ́ ò sọ pé ẹ jẹ̀bi, kì í sábà dínà mọ́ èèyàn bí irọ́ ṣe ń dínà. Irọ́ níwájú kọ́ńsúlà lè ti ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà mọ́ni títí ayé, àfi téèyàn bá rí ìdáríjì wọn gbà. Ẹ bá lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú wọn sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù físà, torí ọ̀nà téèyàn gbà sọ ohun tó ṣe náà lè gbè é tàbí kó ṣàkóbá fún un.

Bàbá Ẹ̀bùtẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́ lọ́yà, ọmọ mi ọkùnrin jà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16, wọ́n gbé e dé kóòtù níbí. Ó fẹ́ lọ Law School báyìí. Ṣé tiwa náà ní expunge?

Lọ́yà, Agric: Bàbá, a ò ní irú tiwọn yẹn. Àmọ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti àpapọ̀ 2003 àti ti Èkó 2007, ò gbà kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ pé wọ́n "dá a lẹ́bi" fún ọmọ tí kò tíì pé 18, àkọsílẹ̀ ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní ìkọ̀kọ̀. Tí fọ́ọ̀mù bá béèrè ìdálẹ́bi, kò ní. Tó bá béèrè bóyá wọ́n ti gbé e dé kóòtù rí, ìyẹn yàtọ̀, ẹ mú fọ́ọ̀mù yẹn wá ká jọ kà á.

Ẹni kan ní Manchester: Sístà, tó o bá ń rò pé kó o kúkú yí sí UK, níbí náà òfin 1974 ń jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ di ohun ìgbàgbé, àmọ́ wọ́n yọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bíi tiwa sílẹ̀ nínú ẹ̀ láti 1975. Níbí náà, ka ìbéèrè yẹn dáadáa kó o tó dáhùn.

Oníbèéèrè: Ẹ kú àdúrótì o. Ẹ̀gbọ́n mi rí àpòòwé yẹn nínú gáréèjì wọn lálẹ́ àná, ó ti wà níbẹ̀ láti 2013, òǹtẹ̀ kóòtù wà lára ẹ̀. Mo ka orí ẹ̀ bíi ìgbà mẹ́wàá: expunction ni. Ó máa bá Board lọ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù mi, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́yà ti físà.

Mo sọ fún ọkọ mi náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá bi mí pé ṣé ìdí tí mo fi ń jí lóru nìyí. Mo ní òun ni. Ó lọ gbé kọ̀ǹpútà wá.