Ìwé àṣẹ ìkọ́lé mi ti jáde o: iye tó ná mi gan-an rèé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ rántí pé mo béèrè níbí bóyá ₦350,000 á tó fún ìwé àṣẹ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo fẹ́ kọ́ n'Íbàdàn. Kò tó rárá.

Owó ìjọba kọ́ ló há mi lọ́fun, ₦290,000 nìyẹn. Àwọn ohun tó yí i ká ni: àwòrán ilé, àwòrán ẹnjiníà tó ní òǹtẹ̀ COREN (àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà), àyẹ̀wò ilẹ̀ torí pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, àti ìwé owó orí ọdún mẹ́ta. (Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mi ò tíì san ti 2023. Ojú tì mí.) Gbogbo ẹ̀ di ₦870,000. Sọ́fè (ìwé ìwọ̀n ilẹ̀) ò sí nínú ẹ̀, mo ti ní in tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n má fọwọ́ kan fẹ́ǹsì kí ìwé tó jáde, ẹ ṣeun gan-an. Aládùúgbò mi kò dúró. Ọ̀dà pupa "STOP WORK" ṣì wà lára búlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè la máa gbẹ́ ìpìlẹ̀. Mo ti ọ̀rọ̀ yìí pa níbí.