Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ámúpù kékeré fún gìtá
Ẹ̀yin onígìtá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ dán ámúpù kékeré (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè) wò, irú PowerStage 170 tó ṣeé tò sáàárín pẹ́dàlì (àwọn ẹ̀rọ kékeré tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà), torí gbígbé ámúpù ńlá kiri ti sú mi. Wátì 170 tí wọ́n kọ sí i lára, orí sípíkà ohm 4 ni (ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó). Ohm 8 sì ni àpótí sípíkà mi, níbi tí agbára ámúpù náà á ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn: ṣé èyí tó kù á lè bá onílù tó ń lù kíkankíkan dọ́gba, tí ohùn gìtá ò ní fọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ṣé ohùn rẹ̀ ò gbẹ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ámúpù onítúùbù (irú tó ń lo túùbù onígíláàsì)?