Níbo ni ọ̀nà Rey yóò já sí nínú Star Wars?

Àjọkẹ́ Èkó: Ẹ̀yin ará, ẹ kú àṣálẹ́ o. Mo tún wo fíìmù Star Wars tó jáde ní ọdún 2019, ìparí rẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn mi. Rey, ọmọbìnrin tó jẹ́ akọni fíìmù náà, lọ sí Tatooine, ayé aṣálẹ̀ tí Luke ti dàgbà, ó ri idà ìmọ́lẹ̀ Luke Skywalker àti ti Leia, àwọn olùkọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ti kú, mọ́ inú iyanrìn, ó tan tirẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ìyá àgbà kan tó ń kọjá sì bi í pé ta ni. Ó ní Rey Skywalker ni òun, bẹ́ẹ̀ ọmọ-ọmọ Palpatine, olú ọba búburú inú ìtàn náà, ni. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé wo ni ọmọbìnrin yìí wò? Ní ọdún 2023, wọ́n kéde ní London pé òṣèrébìnrin Daisy Ridley yóò padà wá ṣe Rey nínú fíìmù mìíràn, níbi tí yóò ti máa gbé ẹgbẹ́ Jedi, àwọn jagunjagun onídà ìmọ́lẹ̀, dìde ní nǹkan bí ọdún 15 lẹ́yìn ogun inú fíìmù ti 2019 yẹn. Kí ni ẹ rò pé yóò gbẹ̀yìn rẹ̀?

Bàbá Ìbejì: Àbúrò mi, orúkọ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, ìbẹ̀rù ni. Luke náà dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ kan ó yọ idà sí ọmọ Leia tó ń sùn, nítorí òkùnkùn tó rí nínú rẹ̀. (Ìbejì ni Luke àti Leia, Luke ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ̀bí rẹ̀, nítorí náà lọ́dọ̀ tiwa, Leia ni ẹ̀gbọ́n.) Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti lajú, ilé ẹ̀kọ́ sì jóná. Ti Rey tún le ju èyí lọ, nítorí ara rẹ̀ ni yóò máa fura sí. Ṣé ẹ rántí ayé tí wọ́n ń pè ní Pasaana, níbi tí mànàmáná ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fọ́ ọkọ̀ tó rò pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ Chewbacca wà nínú rẹ̀? Èrò mi ni pé yóò kọ́kọ́ sá, bí Luke ṣe sá lọ sí Ahch-To, ayé kan tó jìnnà réré.

Àdùnní Ọ̀yọ́: Ẹ má bínú, Bàbá, n kò gbà pé yóò sá. Ní Jakku, ayé tó ti dàgbà, inú òkú ẹ̀rọ ogun kan ló ń gbé, ó sì ń họ ìlà sí ara ògiri láti ka iye ọjọ́ tó ti ń retí àwọn òbí rẹ̀, títí ògiri fi kún. Lẹ́yìn náà ni yóò da ìyẹ̀fun tó fi àlòkù irin gbà sínú omi, búrẹ́dì kékeré yóò wú jáde, yóò sì jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó lè dúró tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè sá. Òfin àtijọ́ ni mo rí pé yóò bá jà. Àwọn Jedi ìgbà náà máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí láti kékeré. Anakin, bàbá Luke àti Leia, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 9, wọ́n ní ó ti dàgbà jù, àárò ìyá tó fi sílẹ̀ lóko ẹrú sì wà lára ohun tó bà á jẹ́. Báwo ni Rey yóò ṣe wọ ilé abiyamọ, kí ó ní kí wọ́n gbé ọmọ fún òun? Àwọn ìwé àtijọ́ Jedi tó kó ní Ahch-To wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì fagi lé apá kan nínú wọn. Ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni ọmọ yóò ti máa relé lálẹ́.

Ọmọ Àkúrẹ́: Àdùnní, o ti sọ ọ́ tán, àfi pé o gbàgbé Finn, ọ̀rẹ́ Rey. Àwọn ọ̀tá jí òun náà gbé ní kékeré láti fi ṣe ọmọ ogun, nọ́ńbà FN-2187 ni wọ́n fi ń pè é, Poe, awakọ̀ ogun kan, ló wá sọ ọ́ ní Finn. John Boyega, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, ló ṣe é, inú mi kò sì dùn sí bí wọ́n ṣe tì í sẹ́yìn nígbẹ̀yìn. Tí Rey bá ń wá akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, òun ni.

Àjọkẹ́ Èkó: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti padà lọ wo ibi tí ìyá àgbà yẹn ti bi í léèrè. Kí Rey tó dárúkọ, ó kọ́kọ́ wo òkèèrè, níbi tí ẹ̀mí Luke àti Leia dúró sí, bí ẹni ń tọrọ àyè.