"Ìpaláradà" ni tèmi

Ẹ̀yin ará,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ láti ìjẹta ni pé kí la ó máa pè é tí èèyàn bá ra ìṣeré ọmọdé olówó pọ́ọ́kú, tó gé e, tó lẹ nǹkan mọ́ ọn, tó kùn ún, tó wá fi ṣe ọmọ ogun nínú ayò ogun orí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n wa dá "àtúnṣe" lábàá. Ẹlòmíràn ní "ìsọdológun", ó ní ṣebí a ti ní "ìsọdọmọ" àti "ìsọdọ̀tun".

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àtúnṣe kọ́. Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. Ìlú Ọba ni mò ń gbé, eré yìí sì ti wọ ọmọbìnrin mi lára. Ó ra dínósọ̀ oníke kan ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù, àádọ́ta pẹ́nsì. Kò sí ohun tó ṣe dínósọ̀ ọ̀hún. Ọ̀bẹ ló fi ha gbogbo ṣóńṣó ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Ó ti ìrù rẹ̀ bọ omi gbígbóná kó lè tẹ̀ ẹ́. Ó wá po amọ̀ aláwọ̀ méjì, búlúù àti yẹ́lò, títí tó fi di àwọ̀ ewé, ó fi mọ apá bíi ti àdán fún un. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, dírágónì ló wà níbi tó yẹ kí àwo ìrẹsì wà. Kí la tún ṣe níbẹ̀?

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ dá a o. Gary Gygax ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó gbé eré orí tábìlì tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons jáde ní 1974, ti fi stegosaurus oníke, irú dínósọ̀ kan, ṣe dírágónì rí, torí kò rí dírágónì rà. Ìṣeré Hong Kong kan tí kò jọ ẹranko kankan láyé ló sì sọ di ẹ̀dá tó ń jẹ irin tó dípẹtà.

"Ìsọdológun" gún régé ní gírámà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sára ìwé ìròyìn kẹ́ ẹ wò ó: gbogbo ẹni tó gbọ́njú mọ 1983 á sáré lọ tan rédíò. Dírágónì kì í sì í ṣe ológun.

Ẹ jẹ́ ká wo egúngún onídán. Ó wọ abẹ́ aṣọ, ó jáde ní ọ̀nì. A ní ó paradà. Ìṣeré kò lè pa ara ẹ̀ dà, ẹnìkan ló pa á láradà. Ìpaláradà nìyẹn. Mi ò pè é ní ọ̀rọ̀ tuntun, iṣẹ́ tuntun ni mo fẹ́ gbé fún un. Ẹnìkan á ní "ìpalára" ló kọ́kọ́ hàn sóun lójú. Dínósọ̀ yẹn náà ò ní jiyàn.

Ẹni tó kọ "ọmọ ogun tòkunbọ̀" fún èyí téèyàn rà lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó ńkọ́? Nottingham, níbi tí Games Workshop, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọmọ ogun ayò yìí, fìdí kalẹ̀ sí ní Ìlú Ọba níbí, ni wọ́n ti ṣe èyí tí mo rà ní Leeds. Òkun wo ló là bọ̀? Àlòkù ni. Ọ̀dà ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti ki mọ́ ọn lára, Dettol ló sì ń bó o: ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha á, inú Dettol náà ni kẹ́ ẹ sì ti ṣàn án. Ẹ má tètè da omi sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀dà á di àtè. A ti da omi sí i rí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ilé wa fi ń rùn bí ọsibítù.

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni kéèyàn gba orí lára ọ̀kan, apá lára èkejì, ẹsẹ̀ lára ẹ̀kẹta. Ara ta ló wá pa dà níbẹ̀? Mo ro "àkànpọ̀", ó dún bí iṣẹ́ káfíńtà. Ẹ̀yin aránṣọ tẹ́ ẹ wà láàárín wa, kí lẹ̀ ń pe aṣọ tẹ́ ẹ bá fi àjákù oríṣiríṣi rán?