Ẹran tí wọ́n gé dànù lábẹ́ ẹsẹ̀ bàámi

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìrírí yín, ó tó kí èmi náà sọ tèmi. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà lẹ́bàá Ọjà Ọba. Àgbẹ̀ kòkó ni bàámi, ọ̀nà Ìdànrè ni oko wọn wà.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n rí àmì dúdú kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì, nítòsí gìgísẹ̀. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Kò dùn wọ́n, kò yún wọ́n. Ẹni tó ń rìn nínú oko kòkó lójoojúmọ́, kí ni yóò rò bí kò ṣe pé ẹ̀gún ló gún òun? Wọ́n fi àdí pa á, wọ́n bá oko wọn lọ. Àmọ́ ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó tó ìdérí ìgò mínírà, tí àárín rẹ̀ sì ti yọ gọngọ, ọkùnrin kan tó ní kẹ́míìsì lábúlé fi bílédì gé e. Ó fi òwú nu ẹ̀jẹ̀, ó ju ẹran náà sínú garawa ìdọ̀tí, ó gba owó rẹ̀. Oṣù mẹ́ta kò pé tó tún hù padà, lọ́tẹ̀ yìí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń ṣomi. Ẹran tí wọ́n jù nù yẹn ló ń dùn mí títí dòní. Ká ní wọ́n gbé e lọ sí láàbù lọ́jọ́ náà ni, à bá ti tètè mọ ohun tí à ń bá jà. Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tí wọ́n bá gé lára èèyàn yín, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń gbé e lọ.

Ìgbà Kérésì ni èmi tó rí i. Bàámi wá sí Àkúrẹ́, mo ń bá wọn fọ ẹsẹ̀, mo bá yí àtẹ́lẹsẹ̀ náà sókè. Apá kan dúdú bí èédú, apá kan rí bíi kòkó tí wọ́n sá gbẹ, apá kan ń pọ́n, etí rẹ̀ sì rí wúruwùru bí ewé tí kòkòrò jẹ. Àyà mi já. "Bàámi, ṣé ẹsẹ̀ yìí lẹ fi ń rìn?" Wọ́n ní, "Kò kúkú dùn mí, ọmọ mi."

Nílé ìwòsàn, dókítà wo àtẹ́lẹsẹ̀, ó wo àárín ọmọ ìka àti gbogbo èékánná, ó wá fọwọ́ tẹ ibi tí itan ti pàdé ikùn, bóyá kókó wà níbẹ̀. Ó ní tí irú àrùn yìí bá fẹ́ ràn kúrò ní ẹsẹ̀, ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbà. Ó gún ojú ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kó má baà dùn wọ́n, ó gé díẹ̀, ó kó o sínú ìgò omi kan tó ń ta sí èèyàn nímú, ó ní kí n gbé e lọ sí láàbù. Orí ọ̀kadà ni mo gbé e lé itan, mo fi ìborùn wé e, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Èsì dé: jẹjẹrẹ awọ ara, irú tí wọ́n ń pè ní melanoma. Mo ní ṣebí àrùn òyìnbó nìyẹn, ṣebí oòrùn ló ń fà á. Dókítà ní òótọ́ ni, ó pọ̀ lára wọn ju tiwa lọ. Àmọ́ tó bá mú àwa dúdú, ibi tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ló sábà máa ń wà: àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́, abẹ́ èékánná. Ó ní abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún 36 sì ni nígbà tó kú ní 1981. Bàámi, tí wọ́n ń jó sí orin rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ wọn, dákẹ́ lọ gbáà.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n gé e kúrò pẹ̀lú ara tó dáa yí i ká, kí ohunkóhun má baà ṣẹ́kù, wọ́n sì bó awọ itan fi bo ojú rẹ̀. Itan yẹn ló wá dun bàámi ju ẹsẹ̀ lọ. Wọ́n ya àwòrán inú ara, wọn ò rí i nínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀dọ̀. Ká ní ó ti débẹ̀ ni, owó oògùn rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ àfín nílé, tiyín yàtọ̀, torí oòrùn gan-an ni ọ̀tá wọn. Akẹtẹ̀ tó gbòòrò, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ìpara tó ń dènà oòrùn, láti kékeré. Egbò tí kò jinná lójú tàbí létí wọn, ẹ má fi ewé bò ó. Àpá iná àtijọ́ tó ṣàdédé di egbò náà kì í ṣe ohun tí à ń fojú fò: mo bá ìyá kan pàdé nílé ìwòsàn tí àpá tiwọn ti lé lọ́dún 40 kó tó di egbò.

Ní báyìí, tí àwọn àgbẹ̀ bá ń sá kòkó, bàámi á ní kí wọ́n bọ́ bàtà oko, kí wọ́n gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè. Lóṣù tó kọjá wọ́n rí ojú dúdú kan lẹ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n fúnra wọn mú un wá bá mi ní Àkúrẹ́. A lọ. Ẹ̀gún ni dókítà yọ níbẹ̀.