Ìyàwó sójà Amẹ́ríkà ni mí, Àbújá ni mò ń gbé, ìwé ìdìbò mi kò sì dé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyàwó Ológun, Lugbe (ẹni tó béèrè)

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí láìdá sí i, ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́kàn mi báyìí ti wúwo ju ohun tí mo lè dá gbé lọ. Sójà Amẹ́ríkà ni ọkọ mi. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n fi í sí, èmi sì wà ní Lugbe níbí pẹ̀lú ìyá mi tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí kò lè dá gbé. Ìbò Ààrẹ Amẹ́ríkà ti ọdún 2024 yìí kò tó oṣù kan mọ́, ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ni. Ìwé ìdìbò ọkọ mi ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní bárékè láti ìparí oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n tèmi kò dé títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Fọ́ọ̀mù kan náà ni àwa méjèèjì kọ, èyí tí wọ́n ń pè ní FPCA, tí a fi ń béèrè ìwé ìdìbò láti òkèèrè. Mo san owó gọbọi fún ilé-iṣẹ́ kan ní Wuse tó ń báni gbé ìwé lọ sókè òkun, nítorí mo rò pé tiwọn ni yóò yá jù, ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà kò sì gbójú sókè wò mí nígbà tí mo ń bi í pé ìgbà wo ni ìwé náà yóò dé. Bí mo bá pe ọ́fíìsì ìdìbò káúńtì wa, àárọ̀ tiwọn ni ọ̀sán tiwa, ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, orin ni wọ́n sì máa ń fi sí mi létí títí owó inú fóònù mi yóò fi tán.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn ìyàwó sójà tó wà ní bárékè ti gba tiwọn. Àwọn tí wọ́n bá dìbò yàn ní Amẹ́ríkà ni yóò pinnu ibi tí wọn yóò rán ọkọ mi lọ lọ́dún tó ń bọ̀, bóyá ibi tí àlàáfíà wà, bóyá ibi tí ìbọn ti ń dún. Ṣé kò wá yẹ kí èmi tí mo ń bá ẹ̀rù yẹn sùn, tí mo ń bá a jí, ní ohùn nínú rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti dìbò Amẹ́ríkà láti Àbújá rí, kí ni kí n ṣe?

Àlàbí Gwarinpa

Arábìnrin, ẹ pẹ̀lẹ́. Baltimore ni wọ́n bí mi sí, Gwarinpa ni mo ń gbé, mo sì dìbò láti ibí lọ́dún 2020. Ìpínlẹ̀ wo ni ẹ forúkọ sílẹ̀ sí? Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn tó ń jẹ́ UOCAVA, ti ọdún 1986, ló fún àwọn sójà, ẹbí wọn àti àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé òkèèrè láàyè láti dìbò láìdé ilé, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò tirẹ̀. Òfin MOVE ti ọdún 2009 sọ pé ó pẹ́ jù, nígbà tí ìbò bá ku ọjọ́ 45, kí wọ́n ti fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ti béèrè ṣáájú àkókò náà. Lọ́dún yìí, ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ni ìyẹn bọ́ sí. Ṣé íméèlì ni ẹ ní kí wọ́n fi ṣe é, àbí bébà? Bí ó bá jẹ́ bébà, tí ẹ sì kọ àdírẹ́sì Lugbe síbẹ̀, ẹ má fọkàn sí i. Òfin náà ti fi í ṣe dandan pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí olùdìbò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kubwa

Àbúrò mi, má jẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú. Tèmi náà kò dé lásìkò nígbà kan, fọ́ọ̀mù FWAB ni mo fi dìbò. Ẹni tó bá ti béèrè ìwé ìdìbò, tí kò sì rí i gbà, ni wọ́n ṣe é fún. Wàá tẹ̀ ẹ́ jáde, wàá fi ọwọ́ ara rẹ kọ orúkọ ẹni tí o fẹ́ dìbò fún, wàá fọwọ́ sí i, wàá sì gbé e lọ sí ẹ́ńbásì wọn ní Diplomatic Drive, kí wọ́n bá ọ fi sínú àpò ìwé wọn tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Má jẹ́ kó pẹ́ o, nítorí àpò yẹn kì í yára dé.

Àwọn ìbejì mi, Houston ni mo bí wọn sí, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n nígbà tí a padà wálé. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 18, wọ́n ní àwọn kò ní àdírẹ́sì ní Amẹ́ríkà, pé kò sí bí àwọn ṣe lè dìbò. Mo ní irọ́ ni, pé ibi tí ẹni gbé kẹ́yìn kó tó kúrò níbẹ̀ ni wọ́n ń wò, bí kò tilẹ̀ ní yàrá kan níbẹ̀ mọ́. Ilé tí èmi àti bàbá wọn yá gbé nígbà náà ni wọ́n fi kún fọ́ọ̀mù. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò ṣeé ṣe.

Bàbá Sójà Kàdúná

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Nígbà tí wọ́n dìbò Ààrẹ ní Nàìjíríà ní oṣù Kejì ọdún 1999, èyí tó gba ìjọba lọ́wọ́ àwa ológun, Sẹria Líónì ni mo wà pẹ̀lú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ la ogun Freetown ti oṣù Kìíní kọjá ni, àwọn tí a jọ kúrò nílé kò sì pé mọ́. Kò sí ẹni tó gbé àpótí ìbò wá bá wa. Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ẹni tó wọlé. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí títí di báyìí, pé àwọn tó ń fi ẹ̀mí wọn dúró fún orílẹ̀-èdè ni kò lè yan ẹni tí yóò darí rẹ̀. Amẹ́ríkà ti ń jẹ́ kí sójà dìbò láti ojú ogun láti ìgbà ogun abẹ́lé wọn, nígbà ìbò ọdún 1864. Jà fún ẹ̀tọ́ rẹ, ọmọ mi.

Ọmọ Ìlọrin ní Jos

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ó ń ká mi lára pé a ń làágùn nítorí ìbò Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun kò lè dìbò nínú tiwa. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 77 àti 117, sọ pé ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà lásìkò ìforúkọsílẹ̀ ni INEC lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin wa dìbò tako àbá tí ìbá yí i padà. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní London, òun ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wa, kò sì ní ohùn rárá nínú bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba lé wa lórí.

Àlàbí Gwarinpa

Òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n ìwà àwọn aṣòfin wa kò yẹ kó dí arábìnrin yìí lọ́wọ́. Ìbéèrè tirẹ̀ ni kí a dáhùn.

Ọmọ Ìlọrin ní Jos

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má dáhùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí a bá fi ìdajì ìtara yìí bá àwọn aṣòfin wa sọ̀rọ̀, kì bá tí jẹ́ orí rédíò ni Bàbá Sójà ti gbọ́ ẹni tó wọlé láìdìbò.

Hajia Minna

Èmi fẹ́ béèrè nǹkan mìíràn. Ọkọ wà ní Jámánì, ìyàwó wà ní Lugbe. Ká ní o wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ níbi tó yẹ kó o wà, ṣé o kò ní í gba ìwé rẹ ní bárékè bí àwọn ìyàwó yòókù? Ilé ni kó o kọ́kọ́ tò.

Ìyàwó Ológun, Lugbe

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Bàbá Sójà, omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ohun tí ẹ kọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ àwọn tí ẹ jọ lọ, tí wọn kò bá yín bọ̀, sí afẹ́fẹ́ rere.

Hajia, ìyá mi kò ní ẹlòmíràn, ọkọ mi ló sì ní kí n dúró tì í. Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, Georgia ni ìpínlẹ̀ wa, íméèlì ni mo sì yàn. Ìyá Ìbejì, ìmọ̀ràn yín ni mo máa tẹ̀ lé, mo máa wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé.

Àlàbí Gwarinpa

Georgia máa ń fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bébà nìkan ni wọ́n ń gbà padà. Nítorí náà, ẹ tètè lọ sí ẹ́ńbásì.

Agbẹjọ́rò Wuse

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè. Ọ́fíìsì tó bá gba fọ́ọ̀mù tọkọtaya, tó dá ti ọkọ lóhùn, tó sì fi ti ìyàwó sílẹ̀, yóò ní ìdí kan. Arábìnrin, ṣé wọ́n kọ lẹ́tà tàbí íméèlì kankan sí yín? Pásípọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè wo ló sì wà lọ́wọ́ yín?

Ìyàwó Ológun, Lugbe

N kò mọ ohun tí pásípọ́ọ̀tù ní í ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kọ íméèlì kan sí mi ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá pé kí n fi ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ránṣẹ́, tàbí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi gbà mí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú. N kò dá wọn lóhùn, nítorí ìyàwó sójà ni mí, orúkọ tí mo ń jẹ́ ni mo sì gbà pé ó mú wọn béèrè. Green card ni mo ní, ọ̀nà tó tọ́ ni mo sì gbà á. Ọkọ mi ni ọmọ Amẹ́ríkà.

Ẹ wo fọ́ọ̀mù yẹn dáadáa. Wọ́n fi ìyàwó àti ọmọ sójà sí àyè tiwọn, wọ́n sì fi ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé òkèèrè sí àyè mìíràn. Àyè ìyàwó sójà ni mo sàmì sí, wọn kò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Mo ti tẹ FWAB jáde, mo ti kọ orúkọ sí i, ó ku kí n fọwọ́ sí i. Àárọ̀ ọ̀la ni mò ń gbé e lọ.

Agbẹjọ́rò Wuse

Ẹ má gbé e lọ, ẹ má sì fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ara balẹ̀ ka ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Ìyàwó sójà wà nínú òfin UOCAVA lóòótọ́, ṣùgbọ́n kìkì èyí tí òun fúnra rẹ̀ bá ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ìgbéyàwó kò fúnni ní ẹ̀tọ́ yẹn, green card kò sì fúnni. Ẹ tún fọ́ọ̀mù náà wò ní ìsàlẹ̀, lókè ibi tí ẹ fọwọ́ sí: ìbúra kan wà níbẹ̀ tó sọ pé ẹni tó fọwọ́ sí i jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìbúra náà kan gbogbo ẹni tó kún un, àyè yòówù tó sàmì sí. Irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ló wà nínú FWAB.

Láti ọdún 1996 ni òfin wọn ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú láti dìbò nínú ìbò ìjọba àpapọ̀. Ìtanràn wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún kan wà níbẹ̀, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ gba green card lọ́wọ́ ẹni, kí wọ́n má jẹ́ kó wọ ilẹ̀ wọn mọ́. Kódà kí ẹni má tíì dìbò, kó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ìlú nínú ìwé jẹ́ ẹ̀sùn ńlá ní tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí: ẹ kò tíì dìbò, ìyẹn ló ṣì fún yín láàyè.

Ìyá Ìbejì Kubwa

Háà! Mo rò pé ọmọ ìlú ni ẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n lọ́yà, ṣé òfin kò sọ pé sójà àti ẹbí rẹ̀ ni? Kí ló dé tí wọ́n fi kọ ọ́ báyẹn?

Agbẹjọ́rò Wuse

Wọ́n kọ ọ́ báyẹn kí ìyàwó tó jẹ́ ọmọ ìlú má baà pàdánù ìbò rẹ̀ nítorí pé wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Ìyẹn nìkan ni.

Hajia Minna

Wọ́n béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ, o kò dáhùn, o wá ń pariwo pé wọ́n fìyà jẹ ọ́. Nǹkan àkọ́kọ́ tó yẹ kó o sọ fún wa nìyẹn.

Bàbá Sójà Kàdúná

Hajia, ó tó. Ẹ̀rù ti ba ọmọ yìí tẹ́lẹ̀. Lọ́yà, ẹ sọ ohun tí yóò ṣe.

Ìyàwó Ológun, Lugbe

N kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe tẹ fọ́ọ̀mù ni mo ṣe kún un, kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé fún mi. Ṣé ó lè kan iṣẹ́ ọkọ mi? Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀.

Agbẹjọ́rò Wuse

Agbẹjọ́rò Nàìjíríà ni mí, nítorí náà n kò ní í ṣèlérí lórí ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn Amẹ́ríkà. Ìbò ọkọ yín dá dúró ní tirẹ̀, tiyín kò bà á jẹ́. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí. Àwọn lọ́yà wà nínú iṣẹ́ ológun wọn tó ń gba sójà àti ìyàwó rẹ̀ nímọ̀ràn láìgba owó, kí ó tọ̀ wọ́n lọ, kí wọ́n sì júwe lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú fún yín. Lọ́yà yẹn ni kó bá yín kọ lẹ́tà tí ẹ máa fi sọ fún káúńtì pé ẹ kì í ṣe ọmọ ìlú, pé kí wọ́n yọ orúkọ yín kúrò. Ẹ má dá a kọ, ẹ má sì fi falẹ̀. Bí wọ́n bá ṣèèṣì fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí yín láàárín àkókò yìí, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ tún bi lọ́yà náà nípa ọ̀nà tí òfin wọn là sílẹ̀ fún ìyàwó sójà tí wọ́n fi sí òkè òkun láti di ọmọ ìlú láìdúró pé iye ọdún tí àwọn ẹlòmíràn ń dúró. Kò dájú pé yóò ṣeé ṣe nígbà tí ẹ kò gbé lọ́dọ̀ ọkọ yín, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Ìyàwó Ológun, Lugbe

Mo ti pè é, ó wà lẹ́nu iṣẹ́, yóò pè mí padà. FWAB tí mo ti kọ orúkọ sí ńkọ́, ṣé kí n dáná sun ún?

Agbẹjọ́rò Wuse

Ẹ má sun ún, ẹ má sì ya á. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú íméèlì tí káúńtì kọ sí yín, kí ẹ kó méjèèjì fún lọ́yà yín. Ìwé tí ẹ kò fọwọ́ sí ni, ẹ ó nílò rẹ̀ láti fi hàn pé ẹ kò dìbò.